Ká Ka Orí, Ká Ka Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Yan Láísẹ́ǹsì Office fún Kọ̀ǹpútà Àjọlò

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn ló fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà ní ọ́fíìsì wọn, èèyàn mọ́kànlá ló ń lò wọ́n. Àwọn kan ń jókòó tì í láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, akápò wọn kì í yọjú àfi tí oṣù bá ń parí lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé wọn pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, Word ò jẹ́ ká kọ nǹkan kan mọ́ o. Ó ní ká wọlé lákọ̀tun." Wọ́n tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ó ní òun ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni àkáúǹtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọn ṣí àkáúǹtì náà ló ni fóònù ọ̀hún, ó sì ti lọ sí Kánádà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló lù níbí, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wojú wa.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún ọmọ náà lọ́dún tó ṣáájú pé kó fi fóònù ara rẹ̀ ṣí i, torí mo fẹ́ ká tètè parí. Nígbà tí mo wá tú gbogbo rẹ̀ wò, mo rí i pé owó ẹnì kan ṣoṣo là ń san, a sì ti fi í sórí ẹ̀rọ mẹ́rin fún èèyàn mọ́kànlá. Kò bá àdéhùn mu, kò sì bá bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Láti ọjọ́ náà, kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ Office níbikíbi, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé orí là ń kà ni, àbí ẹ̀rọ?

Ìdí ni pé àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà kì í ta á lọ́nà kan náà. Àwọn kan ń gba owó lórí ẹni tó ń lò ó, àwọn kan ń gbà á lórí ẹ̀rọ tó wà. Ní ọ́fíìsì tí olúkúlùkù ti ní láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀, méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì tí èèyàn ti pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, irú èyí tó kún Àgbowó àti Dùgbẹ̀, tó wà ní iléèwé aládàáni, ilé ìwòsàn kéékèèké, ilé ìtẹ̀wé àti ọ́fíìsì ìjọ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè tó owó oṣù òṣìṣẹ́ kan. Ẹni tí kò bá kà kí ó tó rà, owó orí ni yóò máa san, torí owó orí ni wọ́n ń polówó jù.

Ẹ wá àyè àárọ̀ kan, ẹ mú ìwé kan àti gègé. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ fa ìlà kan sí àárín ìwé náà. Apá òsì ni ti ẹ̀rọ, apá ọ̀tún ni ti èèyàn.

Ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ ṣí Word, ẹ tẹ "File" tó wà lókè lápá òsì, kí ẹ wá tẹ "Account" nísàlẹ̀. Lápá ọ̀tún, ẹ ó rí àkọlé "Product Information". Tí ó bá kọ "Subscription Product" síbẹ̀, Office tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún ni. Ẹ tún wò ó bóyá ó kọ "Belongs to". Ímeèlì tó bá tẹ̀ lé e ni ẹni tó ni ín. Tí ímeèlì náà bá jẹ́ ti ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ti rí ewu àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ orúkọ bí Office 2019 tàbí Office 2021 ló wà níbẹ̀, àrà-sanwó-lẹ́ẹ̀kan ni. Tí wọ́n bá sì kọ "Activation Required" tàbí "Unlicensed Product", kò sí láísẹ́ǹsì tó fìdí múlẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, bó ti wù kó máa ṣiṣẹ́ tó.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ bí ẹ ṣe rí i. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ 2016 tàbí 2019, ẹ fi gègé pupa yí i ká. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró fún méjèèjì láti ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ọjọ́ kan náà tí wọ́n dá ti Windows 10 dúró. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Office 2021 ni 13 Oṣù Kẹwàá 2026. Fáìlì á ṣì máa ṣí lẹ́yìn ọjọ́ wọ̀nyẹn, àmọ́ ihò tí àwọn ọ̀daràn bá rí lára rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dí i mọ́.

Ó wá kan apá ọ̀tún. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, àkókò tó ń lò ó, àti ohun tó ń fi í ṣe. Ẹ má fo agùnbánirọ̀ dá, ẹ má fo akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà dá. Àwọn ni a sábà máa ń gbàgbé, àwọn náà ló sì sábà máa ń táìpù jù.

Nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ kọ nọ́ńbà méjì: iye orí, iye ẹ̀rọ. Ti àwọn alájẹṣẹ́kù yẹn jẹ́ 11 àti 4.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ló nílò Microsoft Office. Ẹ padà sí apá ọ̀tún ìwé yín, kí ẹ fi àmì sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Àmì kìíní ni ti ẹni tó ń táìpù lẹ́tà, tó ń kún fọ́ọ̀mù, tó ń tẹ ìwé jáde, tàbí tó ń ka ohun tí ẹlòmíì kọ. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí mo ti wọ̀, àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù.

Àmì kejì ni ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ Excel gan-an: akáúńtáǹtì tó ní ìwé ìṣirò ńláńlá, tó ń gba fáìlì láti báǹkì tàbí lọ́wọ́ olùyẹ̀wò owó, tó sì ń lo "macro", ìyẹn àṣẹ tí a kọ sínú fáìlì kó lè máa dá iṣẹ́ ṣe. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kúrò nínú Excel.

Àmì kẹta ni ti ẹni tó nílò ímeèlì ilé iṣẹ́, tó ń bá àwọn mìíràn kọ fáìlì kan náà pọ̀, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé àti lórí fóònù. Ohun tí ẹni yìí nílò ju Word lọ.

Ní ti àwọn alájẹṣẹ́kù, mẹ́jọ nínú mọ́kànlá ló gba àmì kìíní, méjì gba àmì kejì, akọ̀wé nìkan ló gba àmì kẹta. Àṣé nítorí ẹni mẹ́ta ni ìjíròrò ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ oríṣi láísẹ́ǹsì tó wà lọ́jà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni láísẹ́ǹsì orí. Microsoft 365 ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù. Ẹni tí a sanwó fún ló ni ín. Ó lè fi í sórí kọ̀ǹpútà tó tó márùn-ún, táábúlẹ́ẹ̀tì márùn-ún àti fóònù márùn-ún, ṣùgbọ́n òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n gbọ́ "márùn-ún", wọ́n rò pé èèyàn márùn-ún ni. Ẹ̀rọ márùn-ún ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Nínú ti ilé iṣẹ́, èyí tó ń jẹ́ Business Basic ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome tàbí Edge àti lórí fóònù nìkan, ẹ kò lè fi Word rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Business Standard ni ẹ lè fi sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń jẹ́ Personal àti Family, ilé ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọn kò sí fún iṣẹ́ ajé, bí owó wọn tilẹ̀ ń fani lójú mọ́ra.

Èkejì ni láísẹ́ǹsì ẹ̀rọ. Office Home & Business 2024, tó jáde lọ́jọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2024, ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ ó sanwó lẹ́ẹ̀kan, yóò wà lórí ẹ̀rọ kan, ẹnì kan ni yóò sì máa lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka gbólóhùn ìparí yẹn lẹ́ẹ̀kejì: ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Tí Bọ́lá bá dìde ní aago méjì tí Wàsíù sì jókòó sí àyè rẹ̀, kò sí ohun tó burú. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi wáyà so ẹ̀rọ kan mọ́ mẹ́ta, kí gbogbo wọn máa lo Office kan ṣoṣo papọ̀. Microsoft yóò máa tún ààbò rẹ̀ ṣe títí di ọjọ́ 9 Oṣù Kẹwàá 2029. Ohun àrà tuntun kò ní máa wọ inú rẹ̀, tí ẹ̀dà mìíràn bá sì jáde, ẹ kò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣọ́ra: Office Home 2024 wà lọ́tọ̀, ilé ni tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò ka orí, tí kò ka ẹ̀rọ. LibreOffice ni mo ní lọ́kàn. Àjọ The Document Foundation ló ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ti wà láti ọdún 2010. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbà kí ẹ fi í sórí ẹ̀rọ iye tó bá wù yín, kí ẹ sì fi í ṣòwò, láìsan kọ́bọ̀. Ó ní Writer fún lẹ́tà, Calc fún ìṣirò, Impress fún àfihàn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nǹkan àwọn tí kò rówó ni o: ní Oṣù Kẹrin 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde pé òun ń kó nǹkan bí 30,000 kọ̀ǹpútà ìjọba òun kúrò lórí Microsoft Office bọ́ sórí LibreOffice. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní ọ̀fẹ́ ló jẹ́ ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́. Àwọn kan wà tí ọ̀fẹ́ wọn mọ sí ìlò ilé. Ẹ ka àdéhùn wọn kí ẹ tó fi wọ́n sórí ẹ̀rọ ọ́fíìsì.

Ẹ̀kẹrin ni ọrẹ. Tí ó bá jẹ́ iléèwé lẹ ní, Microsoft ní Office 365 A1, Google sì ní Workspace for Education Fundamentals. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì fún iléèwé tó bá yege, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àjọ tí kì í ṣe fún èrè náà lè béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ méjèèjì. Wọn yóò yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín wò, nítorí náà ẹ wá ìwé CAC yín jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ òfin àjọlò kí ẹ tó san owó orí

Tí ọkàn yín bá fà sí Microsoft 365, ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní "shared computer activation". Ètò yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lo kọ̀ǹpútà kan náà, kí olúkúlùkù fi àkáúǹtì tirẹ̀ wọlé, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń jẹ nínú márùn-ún rẹ̀. Business Standard kò ní in. Nínú àwọn ti iléeṣẹ́ kékeré, Business Premium ló ní in. Nínú àwọn ti iléeṣẹ́ ńlá, E3 àti E5 wà lára àwọn tó ní in. Ọ̀pọ̀ ti sanwó ọdún kan gbáko fún Business Standard kí wọ́n tó mọ èyí.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀ síbẹ̀. Ètò àjọlò kò sọ mọ́kànlá di mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, nítorí ọjọ́ díẹ̀ ni àṣẹ tí ẹ̀rọ náà gbà fi ń ṣiṣẹ́ kó tó ní láti gba òmíràn. Microsoft 365 tí kì í ṣe ti àjọlò pàápàá ní láti rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́. Tí kò bá rí i, ẹ ó lè ṣí fáìlì, ẹ ó lè tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè kọ nǹkan kan sí i. Ní àdúgbò tí iná ń ṣe ségesège, tí dátà sì máa ń tán lójijì, ẹ ro èyí dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé

Ẹ jẹ́ kí n lo iye tí Microsoft kọ sára ọjà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024, láìka owó orí ìjọba mọ́ ọn. Iye tòní lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ gba iye tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́pò tèmi. Ọ̀nà ìṣirò náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ.

Business Standard: dọ́là 12.50 lóṣù fún orí kan. Office Home & Business 2024: dọ́là 249.99 lẹ́ẹ̀kan fún ẹ̀rọ kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 250.

Ẹ pín 250 sí 12.50. Ó jẹ́ 20. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó ẹ̀rọ kan dọ́gba pẹ̀lú owó oṣù 20 tí ẹ máa san lórí ẹnì kan. Tí ẹnì kan bá ń dá lo ẹ̀rọ náà, ó di ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ kí láísẹ́ǹsì ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Tí èèyàn méjì bá ń pín in lò, oṣù mẹ́wàá ni. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, oṣù márùn-ún péré. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i nídìí ẹ̀rọ kan, bẹ́ẹ̀ ni láísẹ́ǹsì ẹ̀rọ ń dín owó kù tó.

Ẹ wá wo ti àwọn alájẹṣẹ́kù, orí 11, ẹ̀rọ 4, fún ọdún márùn-ún:

- Business Standard fún gbogbo wọn: dọ́là 1,650 lọ́dún, 8,250 ní ọdún márùn-ún.
- Business Premium, tó ní ètò àjọlò, ní dọ́là 22 lóṣù fún orí kan: 2,904 lọ́dún, 14,520 ní ọdún márùn-ún.
- Office 2024 lórí ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: nǹkan bí 1,000, lẹ́ẹ̀kan.
- LibreOffice lórí ẹ̀rọ mẹ́ta, Office 2024 lórí ẹ̀rọ akáúńtáǹtì nìkan: 250, lẹ́ẹ̀kan.

Èyí kò ní kí láísẹ́ǹsì orí máa jẹ́ àṣìṣe nígbà gbogbo. Ẹ yí i padà. Ká ní èèyàn mẹ́ta ló wà, tí olúkúlùkù ní kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àti láàpútọ́ọ̀pù nílé, ẹ̀rọ di mẹ́fà. Owó orí jẹ́ 450 lọ́dún. Owó ẹ̀rọ jẹ́ 1,500. Ó di ọdún kẹrin kí owó orí tó ju owó ẹ̀rọ lọ, ẹ ó sì ti máa lo ímeèlì ilé iṣẹ́ àti ibi ìpamọ́ fáìlì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ látìgbà yẹn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n san owó orí.

Ẹ fi ohun mẹ́ta kún ìṣirò yín. Ìkíní ni dọ́là. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, ẹni tó ń san owó sọ́fítíwíà lóṣooṣù ti mọ bí bíìlì kan náà ṣe ń ga sí i láìjẹ́ pé ọjà náà fi nǹkan kan kún un. Owó tí a san lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú ewu yẹn mọ́. Ìkejì ni dátà: ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, dátà rẹ̀ náà jẹ́ owó. Ìkẹta ni ẹ̀dà ìpamọ́: tí ẹ kò bá ra èyí tó ní ibi ìpamọ́, ẹ ra háàdì díìsìkì kan, kí ẹ sì máa kó fáìlì sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì dán ọ̀fẹ́ wò

Kí owó tó jáde, ẹ fi LibreOffice sórí ẹ̀rọ kan láti ojúlé tirẹ̀ gan-an, libreoffice.org. Ẹ má gbà á lórí fíláàṣì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àtúntò kan wà tó ń gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ wàhálà. LibreOffice fẹ́ràn láti máa fi fáìlì pamọ́ lọ́nà tirẹ̀. Tí ẹ bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà, ó lè ní kò ṣí. Ẹ tẹ "Tools", ẹ tẹ "Options", ẹ ṣí "Load/Save", kí ẹ wá tẹ "General". Nísàlẹ̀, níbi "Document type", ẹ mú "Text document". Níbi "Always save as", ẹ mú èyí tó kọ Word 2010–365. Ẹ tún padà sí "Document type", ẹ mú "Spreadsheet", kí ẹ sì mú Excel 2007–365 fún un. Ẹ tẹ "OK". Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ẹ bá kọ á máa jáde bí fáìlì Word àti Excel.

Ẹ wá mú fáìlì mẹ́wàá tí ẹ ń lò lóòótọ́: fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, rìsíìtì, ìwé owó oṣù, lẹ́tà tó ní àmì ilé iṣẹ́ lókè. Ẹ ṣí wọn, ẹ tún wọn ṣe, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde, kí ẹ gbé tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ wò ó sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ṣé ìlà kò yẹ̀? Ṣé àmì kò sún? LibreOffice kò ní Calibri àti Cambria tó jẹ́ ti Microsoft, ṣùgbọ́n Carlito àti Caladea tó wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú wọn, torí náà ìwé kì í sábà tú ká.

Tí ẹ bá ń kọ Yorùbá, ẹ táìpù gbólóhùn kan tó ní ọ̀pọ̀ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, ẹ pa fáìlì náà dé, ẹ ṣí i nínú Word lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ wo ẹ̀, ẹ wo ọ́, ẹ wo ṣ. Tí àmì bá ṣí kúrò lórí lẹ́tà, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì kí ẹ tó dá LibreOffice lẹ́bi. Fọ́ǹtì ló sábà máa ń fa ìyẹn.

Ní ti fáìlì akáúńtáǹtì tó ní "macro", ẹ jẹ́ kí akáúńtáǹtì fúnra rẹ̀ dán an wò. Tí ó bá ní kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì ra Office fún ẹ̀rọ tirẹ̀. Owó tí a fi bá a rà á kéré sí owó àṣìṣe kan nínú ìwé ẹ̀yáwó.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ rà á síbi tó tọ́, lórúkọ tó tọ́

Ẹ ó pàdé ẹni tí yóò sọ pé òun á fi Office tí wọ́n ti já sórí gbogbo ẹ̀rọ yín ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ má gbà fún un. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bó ṣe dáàbò bo ìwé. Yàtọ̀ sí òfin, ohun tí wọ́n fi ń já a sábà máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ohun tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn ni pé ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè, lórí ẹ̀rọ tí orúkọ àti nọ́ńbà báǹkì àwọn èèyàn wà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún kọ́kọ́rọ́ tí owó rẹ̀ kéré lákéréjù. Ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Àmì kan nìyí: tí ẹnì kan bá fẹ́ ta ẹyọ kan Office LTSC fún yín, ẹ dìde. LTSC jẹ́ ti àdéhùn iléeṣẹ́ tó ń ra púpọ̀ pọ̀; kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lórí káńtà. Irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lónìí, kí wọ́n dí i tó bá yá.

Kí ẹ tó rà á, ẹ ṣí ímeèlì kan lórúkọ ọ́fíìsì. Kì í ṣe ti ọ̀gá, kì í ṣe ti akọ̀wé. Ẹ ra síìmù kan fún ọ́fíìsì, kí ẹ fi í sínú fóònù kékeré kan tí kì í kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Ímeèlì yẹn àti nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi ṣí àkáúǹtì Microsoft, òun náà ni kí ẹ fi gba Office 2024. Ẹ tẹ rìsíìtì jáde, ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ fi í sínú fáìlì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ ya àyè olúkúlùkù sọ́tọ̀, ẹ sì máa padà wò ó

Kọ̀ǹpútà àjọlò kì í ṣe àpótí tí gbogbo ayé ń ti ọwọ́ bọ̀. Nínú Windows, ẹ ṣí àyè lọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Office tí a rà fún ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ nínú gbogbo àyè náà, ṣùgbọ́n agùnbánirọ̀ kò ní máa rí ìwé owó oṣù ọ̀gá. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fi í lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ pé kí ó tọ́jú ìròyìn nípa àwọn èèyàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tó gba owó ìkẹyìn, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹ kó fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ pa àyè rẹ̀ rẹ́. Tí ẹ bá ń san owó orí fún un, ẹ gba láísẹ́ǹsì náà padà kí ẹ gbé e fún ẹni tó rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má lọ máa san owó ẹni tó ti lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde, ẹ tún kà. Tí orí bá ti dínkù tí ẹ̀rọ sì ti pọ̀, ìdáhùn lè ti yí padà.

Àwọn alájẹṣẹ́kù mú ọ̀nà ìkẹyìn nínú ìṣirò wọ̀nyẹn: LibreOffice lórí ẹ̀rọ mẹ́ta, Office 2024 lórí ti akáúńtáǹtì. Akọ̀wé nìkan ni wọ́n ń san Business Basic fún, nítorí ímeèlì. Ó gba ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn tó ń táìpù tó mọ ibi tí nǹkan wà, bùrọ̀dá kan sì ń ráhùn títí oṣù fi parí. Nígbà tó yá, akọ̀wé tó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn náà gba iṣẹ́ síbòmíràn. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ tó ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀, torí mo rántí Kánádà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé fóònù kékeré náà jáde, ó gbé e lé ẹni tó rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tó ní ìlà láàárín, ó ní, "Àǹtí, ẹ máa tọ́jú fóònù yìí, ẹ má fi pe ẹnikẹ́ni o."